Ìmọ́lẹ̀ Tí Kámẹ́rà Kó Ni À Ń Pín: Àlàyé Àtúnṣe Fọ́tò fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Kàbà, ní Ìyàrá, títí dé Mọ̀pà àti Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí, ìbéèrè kan náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn: “Ẹ̀gbọ́n, áàpù wo lẹ fi ń ṣe edit?” Mo mọ ohun tó ń fà á. Wọ́n ya ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ìyàwó ṣú, gèlè rẹ̀ sì funfun débi pé èèyàn kò rí ìdì kankan lára rẹ̀. Wọ́n wá rí fọ́tò ẹlòmíì lórí Instagram tó dán, tó gún régé, wọ́n ní áàpù ló ṣe é. Wọ́n gba áàpù náà sórí fóònù, wọ́n ra preset, ìyẹn àtúnṣe tí ẹlòmíì ti tò sílẹ̀, lé e lórí, fọ́tò tiwọn sì tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Ọ̀pọ̀ fídíò tó ń kọ́ni ní àtúnṣe fọ́tò máa ń sọ ibi tí a ó tẹ̀, wọn kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Nígbà tí o tẹ bọ́tìnì, kámẹ́rà kó ìmọ́lẹ̀ wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Gbogbo ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn náà, pípín ìmọ́lẹ̀ tó kó yẹn ni. A lè gbé díẹ̀ síhìn-ín, ká dín díẹ̀ kù lọ́hùn-ún. Ohun tí kámẹ́rà kò kó, kò sí áàpù tó lè pín in. Àwọn áàpù òde òní tó ní AI lè fi nǹkan tuntun dí ojú ibẹ̀, ṣùgbọ́n àfọwọ́dá ni, kì í ṣe gèlè tí ìyá ìyàwó fi owó rẹ̀ rà.

Jẹ́ ká wo gèlè náà dáadáa. Nínú fáìlì JPEG, ìyẹn irú èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà máa ń tọ́jú fọ́tò sí bí o kò bá yí nǹkan kan padà, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di fọ́tò, ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, àti ti búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní 0, dúdú kirikiri ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé 255, funfun gbòò ni, kò sì sí ibi tí wọ́n tún lè gùn dé. Gèlè funfun tí oòrùn ọ̀sán gangan bà lé, gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ ló ti kọlu 255. Ibi tí ìdì rẹ̀ ti ṣẹ́po, 255. Ibi tí òjìji ìdì náà yẹ kó wà, 255. Tí o bá fa Highlights, èyí tó ń yí apá tó mọ́lẹ̀ padà, wálẹ̀, gbogbo wọn á jọ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá sí 230, gèlè á wá di àwọ̀ eérú pẹrẹsẹ tí kò ní ìdì. Ṣùgbọ́n irun ìyàwó tó yọ díẹ̀ létí gèlè, tó dúdú pátápátá lójú wa, ó lè jẹ́ 12 níbí, 15 níbẹ̀, 19 lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ ṣì wà láàárín wọn. Bí o bá gbé Shadows, èyí tó ń yí apá tó ṣú padà, sókè, ìyàtọ̀ náà á fẹ̀ sí i, irun á sì hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wóróbo àwọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní noise á tẹ̀ lé e wá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí fi máa ń ya fọ́tò ọ̀sán kó ṣú díẹ̀, kí funfun má bàa jóná. Lórí fóònù, fi ìka kan ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò, kí o wá fa àmì oòrùn tó jáde wálẹ̀ díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, exposure compensation, ìyẹn ibi tí a ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí fi kún un kí a tó yà, ni wàá lò, kí o gbé e sí -0.7 tàbí -1. Nígbà tí o bá délé, wàá rí i pé ojú ìyàwó ṣú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, o sì lè gbé e sókè. Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo láti kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, èyí ni màá yàn.

Ohun kejì tó máa ń da èèyàn rú ni ìdí tí kámẹ́rà, tí wọ́n ra lówó gọbọi, kò fi lè ṣírò ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kó sì bá a mu. Kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Ó kàn gbà pé bí a bá da gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú àárín ló yẹ kó jẹ́, èyí tí kò funfun tí kò sì dúdú. Bí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì bá wọ funfun látòkè délẹ̀, tí wọ́n tò fún fọ́tò, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Á dín in kù. Funfun á di eérú, ojú àwọn ìyá á sì ṣú. Bí bàbá àgbà kan bá jókòó nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, nínú agbádá aláró, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, á fi kún un, ògiri dúdú á di eérú, fìlà funfun bàbá á sì jóná. Àwọn fóònù tuntun máa ń kọ́kọ́ wá ojú èèyàn kí wọ́n tó ṣírò, ìyẹn sì ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mú ìṣòro náà kúrò. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú áàpù, wo fọ́tò náà kí o sì bi ara rẹ pé: kí ni kámẹ́rà rò pé òun ń wò, ibo ló sì ti ṣì í? Ìdáhùn rẹ á sọ bóyá Exposure, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò, lo máa kọ́kọ́ gbé sókè ni, tàbí wàá fà á wálẹ̀.

Má fi ojú nìkan dá a lẹ́jọ́. Lábẹ́ oòrùn, ojú fóònù máa ń dà bí èyí tó ṣú, ní alẹ́ inú yàrá, fọ́tò kan náà á mọ́lẹ̀ rekete. Histogram, ìyẹn àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pín hàn, ni kí o máa wò. Ó wà nínú kámẹ́rà, ó wà nínú Lightroom, ó wà nínú Snapseed náà. Òsì rẹ̀ ni dúdú, ọ̀tún rẹ̀ ni funfun, gíga rẹ̀ sì ń sọ iye píksẹ́lì tó wà níbẹ̀. Bí ó bá kóra jọ tó sì fara ti ògiri ọ̀tún, nǹkan kan ti jóná. Bí ó bá fara ti ògiri òsì, nǹkan kan ti rì sínú òkùnkùn. Kò sí ìrísí kan pàtó tó yẹ kó ní o. Àwọn kan ti gbọ́ pé àárín ló gbọ́dọ̀ ga sí, wọ́n sì ń fi ipá ti gbogbo fọ́tò wọn sí àárín. Aṣọ dúdú ní alẹ́ á wà lápá òsì, bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Ògiri méjèèjì ni kí o máa ṣọ́.

Wàyí o, RAW àti JPEG. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ iṣẹ́ jù. RAW ni ohun tí kámẹ́rà kó gan-an, kó tó fọwọ́ kàn án. JPEG ni èyí tí kámẹ́rà ti ṣe àtúnṣe tirẹ̀ sí: ó ti yan àwọ̀, ó ti mú kó dán, ó sì ti da èyí tó pọ̀ nínú ìyókù nù kí fáìlì lè kéré. Ojú ìwọ̀n 256 ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nínú JPEG. RAW oníbíìtì 12 ní 4,096, oníbíìtì 14 sì ní 16,384. RAW ni iṣu tútù: o lè sè é, o lè sun ún, o lè fi ṣe èlùbọ́. JPEG ni iyán tí wọ́n ti gún. O ṣì lè fi omi díẹ̀ tún un gún kó rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní padà di iṣu sísun mọ́. Bí àpẹẹrẹ, gèlè tó dà bíi pé ó jóná nínú JPEG, ìdì rẹ̀ lè ṣì wà nínú RAW fọ́tò kan náà, nítorí kámẹ́rà kó ju ohun tó fi hàn ọ́ lọ.

Ohun tí RAW ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni àyè. Fáìlì RAW kan láti inú kámẹ́rà oní-mẹ́gápíksẹ́lì 24 lè tó MB 25 sí 30, memory card á sì kún kíákíá ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Fóònù oníbàárà kò sì ní í ṣí i, ó gbọ́dọ̀ di JPEG kí o tó fún un. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní RAW nínú ipò tí wọ́n ń pè ní Pro, DNG ni orúkọ fáìlì náà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 2004. Bí fóònù tìrẹ kò bá ní in, má dúró. Fi JPEG kọ́ ọ, kí o kàn túbọ̀ máa ṣọ́ ibi tó funfun. Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n fi JPEG inú fóònù lásán ṣe iṣẹ́ tó dùn ún wò ju ti ẹni tó ní kámẹ́rà ńlá lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti tọ́ fọ́tò sí bó ṣe yẹ kó dúró, tí a sì ti gé ẹ̀gbẹ́ tí a kò nílò kúrò, white balance, ìyẹn títún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe kí funfun lè funfun, ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni Exposure, lẹ́yìn rẹ̀ Highlights àti Shadows, kí a tó wá dé orí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ojú èèyàn. Mímú fọ́tò mú, ìyẹn sharpening, ìkẹyìn pátápátá ni. Kì í ṣe àṣà lásán. White balance ń yí nọ́ńbà pupa àti búlúù padà káàkiri fọ́tò, nítorí náà bí o bá ti to ìmọ́lẹ̀ tán kí o tó yí i, gbogbo ohun tí o tò ló máa ṣípò.

White balance gan-an ni ibi tí a ti ń jìyà jù ní agbègbè wa, kánópì ló sì fà á. Ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú ni o, ìwúyè ni o, abẹ́ kánópì la ti ń ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Iná àbẹ́là jẹ́ nǹkan bí 1,900, gílóòbù yẹ́lò àtijọ́ bí 2,700, oòrùn ọ̀sán bí 5,500, òjìji abẹ́ igi ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ lè lé ní 7,000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ni ìmọ́lẹ̀ ń búlúù sí i. Síbẹ̀, nínú áàpù, tí o bá fa Temp, ibi tí a ti ń yí white balance, lọ sí nọ́ńbà ńlá, fọ́tò á máa yẹ́lò sí i! Ọ̀pọ̀ èèyàn ti torí èyí gbà pé áàpù wọn bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ohun tí ò ń sọ fún un ni pé, “ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà búlúù tó báyìí,” òun á wá fi yẹ́lò tì í padà kí funfun lè funfun.

Kánópì búlúù máa ń sọ gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ di búlúù. Ojú wa kì í rí i, nítorí ọpọlọ ti bá wa ṣe àtúnṣe tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni ni pé kí o mú àmì tó ń fa àwọ̀, kí o fi tẹ ohun funfun kan nínú fọ́tò, áàpù á sì ṣe ìyókù. Ó dára, ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún ohun tí ò ń pè ní funfun. Aṣọ funfun tí wọ́n fi búlúù ìfọṣọ ṣan ti búlúù díẹ̀ ná. Ọṣẹ oníyẹ̀fun òde òní náà ní èròjà tó ń mú kí aṣọ tan àwọ̀ búlúù bí oòrùn bá kàn án, òun ló fà á tí aṣọ fi ń funfun kọjá funfun ní ìta. Tí o bá tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, áàpù á fi yẹ́lò kún gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò. Káàdì eérú tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ló dára jù. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, fi í fún ẹnì kan kó dì í mú lábẹ́ kánópì, ya á lẹ́ẹ̀kan, o parí. Nígbà tí o bá ń ṣe àtúnṣe, orí káàdì yẹn ni kí o tẹ̀, kí o wá kó ètò náà lé gbogbo fọ́tò tó wá láti abẹ́ kánópì kan náà.

Ẹni tó jókòó létí kánópì tún ní ìṣòro mìíràn, nítorí oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, búlúù ń bọ̀ láti òkè. Bí o bá tún apá kan ṣe, apá kejì á bàjẹ́. Níbẹ̀ ni mask ti wúlò: o máa fi ìka kun apá kan ojú náà nìkan, kí o sì yí Temp tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kánópì pupa ló wá burú jù lọ nínú gbogbo wọn. Kánópì pupa ti dí búlúù àti àwọ̀ ewé lọ́nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, kámẹ́rà kò kó wọn, kò sì sí bí a ṣe máa pín ohun tí a kò kó. Wàá fa Temp títí, ojú á kàn di eérú tó ń pọ́n ni. Bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí kí wọ́n jáde sí abẹ́ òjìji ilé fún fọ́tò tó ṣe pàtàkì. Èyí tí o ti yà tẹ́lẹ̀, sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ó máa ń rẹwà ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ pupa, ó yẹ kí n mẹ́nu kan aṣọ ipò. Àwọn tí ilẹ̀ Bùnú kò ṣàjèjì sí mọ̀ ọ́n, aṣọ pupa tí wọ́n fọwọ́ hun, tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn olóyè àti ẹ̀kú eégún. Ó ṣòro láti yà. Gbé e sínú oòrùn, ya á, kí o wá fa fọ́tò náà tóbi: òwú tí wọ́n fi ọgbọ́n hun lọ bẹẹrẹbẹ, kò sí mọ́, pupa kan ṣoṣo ló kù. O wo histogram, kò sì fara ti ògiri kankan. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nọ́ńbà pupa nìkan ló ti dé 255, àwọ̀ ewé lè wà ní 30, búlúù ní 25. Histogram funfun tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń fi hàn, àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, àwọ̀ ewé ló sì ń kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lé ní ìdajì. Nítorí náà pupa lè jóná kí histogram yẹn má sọ nǹkan kan. Yí i sí ti RGB, èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wàá rí pupa níbi tó ti fara ti ògiri.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ á ní pupa náà kò tíì jáde dáadáa, á fi Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe kún tó, kún un. Ó ń tì í mọ́ ògiri sí i nìyẹn, òwú tó kù á sì lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni kí o ṣe. Nígbà tí o bá ń yà á, jẹ́ kó ṣú. Nígbà tí o bá ń ṣàtúnṣe, wá ibi tí wọ́n ti ya àwọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, HSL tàbí Color Mix ni orúkọ rẹ̀, kí o fa Saturation ti pupa wálẹ̀ díẹ̀, kí o fa Luminance rẹ̀, ìyẹn bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, náà wálẹ̀. Bó bá jẹ́ RAW ni, wàá rí i tí fọ́nrán òwú ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló kan fìlà pupa ìjòyè àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ọrùn wọn.

Ojú èèyàn ló kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ká mi lára.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí fíìmù ṣì wà lóde, àwọn ilé ìfọfọ́tò ń lo káàdì kan láti ọ̀dọ̀ Kodak tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ gún. Òyìnbó obìnrin ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí ojú rẹ̀ bá ti jáde dáadáa, wọ́n gbà pé gbogbo ojú ti jáde dáadáa nìyẹn. Àwọ̀ dúdú wá ń rì, eyín àti ẹyinjú nìkan ló ń hàn. Ó di àwọn ọdún 1990 kí káàdì tó ní ènìyàn oríṣiríṣi àwọ̀ lórí tó jáde. Ní 2021, Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone sínú fóònù Pixel 6 kí àwọ̀ wa lè jáde bó ṣe rí. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn mọ̀ pé ohun èlò yìí kò kọ́kọ́ rò tiwa. Kò yẹ kí àwa tó mọ àwọ̀ ara wa wá máa fi ọwọ́ ara wa ba a jẹ́.

Ohun méjì ni mò ń rí lójoojúmọ́. Èkíní ni bíbó àwọ̀. Nínú HSL, àwọ̀ ara wa wà láàárín ọsàn àti pupa, nítorí náà ẹni tó bá gbé Luminance ti ọsàn sókè, gbogbo ojú á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó á dà bí ẹni tó bó ara. Wo fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa: òjìji abẹ́ àgbọ̀n ti lọ, dídán iwájú orí ti lọ, àwọ̀ á wá rí bí eérú. Awọ dúdú ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, ibi tó ti ń dán àti ibi tó ti ń jìn ló ń fún ojú ní ìrísí. Bí ojú bá ṣú jù, mú mask sí ojú nìkan, gbé Exposure tàbí Shadows rẹ̀ sókè díẹ̀, kí o fi Highlights sílẹ̀ bó ṣe wà, kó lè máa dán. Kí o tó kúrò níbẹ̀, fi ojú wé ọrùn àti ọwọ́ ẹni náà. Bí wọn kò bá bára mu, o ti kọjá ibi tó yẹ kí o dúró.

Èkejì ni fífọ ojú mọ́, tí àwọn áàpù ń pè ní Smooth tàbí Beauty. Ohun tí bọ́tìnì yẹn ń ṣe ni pé ó ń wá ìyàtọ̀ kéékèèké láàárín píksẹ́lì tó wà lójú, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Kò mọ ìrorẹ́ yàtọ̀ sí ilà. Ìyá àgbà kan láti ilẹ̀ Yàgbà, tí ilà rẹ̀ mẹ́ta gùn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sì pàdé ní igun ẹnu, jókòó fún fọ́tò ọjọ́ ìbí. Ọmọ iṣẹ́ tẹ Smooth, ó fà á dé 70, ilà tí wọ́n ti fi mọ ìyá láti kékeré sì lọ tán pátá. Àwọn ọmọ ìyá lè má tètè rí i lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n bá gbé e kọ́ sí pálọ̀ ni wọ́n á máa wò ó pé ta nìyí. Ilà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lójú àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lóde òní mọ́. Fọ́tò tí à ń yà báyìí lè jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ọmọ máa ti rí i. Nítorí náà, fi irinṣẹ́ Heal mú ìrorẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kúrò, ìyẹn tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Ilà, àpá, ìhunjọ abẹ́ ojú, tadáwà, fi wọ́n sílẹ̀ àfi bí ẹni tó ni fọ́tò náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí o mú un kúrò.

Preset kò gba àlàyé púpọ̀. Àkọsílẹ̀ ni, ó ń sọ pé ẹnì kan fa Exposure dé ibí, Temp dé ibẹ̀, fún fọ́tò tirẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Bí ó bá yà á nínú ìmọ́lẹ̀ tútù ìlú òyìnbó, tí o wá gbé e lé fọ́tò ọ̀sán gangan ní Kàbà, kò lè bára mu. Tún ìmọ́lẹ̀ tìrẹ ṣe ná, lẹ́yìn náà tí o bá fẹ́ preset, lò ó, kí o dín agbára rẹ̀ kù.

Nígbà ọyẹ́, eruku á gba afẹ́fẹ́ kan, àwọn òkè tó yí wa ká á sì funfun bàìbàì. Dehaze wà fún ìyẹn. Fà á díẹ̀, kì í ju 15 sí 20 lọ, nítorí bó bá pọ̀ jù, ojú ọ̀run á dọ̀tí, ojú èèyàn á sì ṣú. Má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì létí títì nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ́rún eruku kan tó bá wọ inú kámẹ́rà, lára gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà ni wàá ti máa fi Heal pa á rẹ́.

Ní ti áàpù, èyíkéyìí tó bá ní àwọn nǹkan tí mo dárúkọ ti tó. Snapseed jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí DNG. Lightroom orí fóònù ní ọ̀fẹ́ tirẹ̀, owó ló wà fún díẹ̀ nínú irinṣẹ́ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, darktable jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá fún RAW, GIMP jẹ́ ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ pípa fọ́tò pọ̀. Photoshop, tó ti wà láti 1990, lágbára ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Mú ọ̀kan, kí o dúró tì í. Fún ìbẹ̀rẹ̀, Exposure, Highlights, Shadows àti Temp nìkan ni kí o jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kàn. Fi mẹ́rin yìí ṣe àtúnṣe fọ́tò kan, gbé e sílẹ̀ sùn, kí o tún wò ó lówùúrọ̀. Ojú tó ti sinmi máa ń rí àṣejù tí ojú alẹ́ kò rí.

Ohun tó kù ni bí fọ́tò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí o bá ń ṣe àtúnṣe nínú yàrá tí iná kò sí, tí ojú fóònù rẹ mọ́lẹ̀ dé ìpẹ̀kun, wàá máa fa fọ́tò wálẹ̀ láìmọ̀, nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á ṣú. Fi ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù sí bí àárín, kí o sì pa Night Light tó ń sọ ojú fóònù di yẹ́lò. Tẹ ẹyọ kan ní kékeré kí o tó ní kí wọ́n tẹ àádọ́ta. Àwọn ilé ìtẹ̀fọ́tò máa ń fẹ́ 300 píksẹ́lì nínú ínǹṣì kan: fọ́tò 4×6 gba 1,200 × 1,800, èyí tó jẹ́ 8×10 gba 2,400 × 3,000. Férémù ńlá ara ògiri, tí èèyàn ń dúró jìnnà wò, 150 tó o. sRGB, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù mọ̀, ni kí o fi tọ́jú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ lè ṣá lórí fóònù ẹlòmíì.

WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù sí nǹkan bí 1,600 píksẹ́lì bí o bá fi ránṣẹ́ lásán. HD tí wọ́n fi kún un ní 2023 sàn jù, ṣùgbọ́n òun náà ń dín nǹkan kù. Fọ́tò tí wọ́n máa tẹ̀, fi í ránṣẹ́ bíi Document, gbogbo rẹ̀ á dé pérépéré. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi sí status, o lè fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Kí o sì sọ fún oníbàárà yékéyéké èwo nínú méjèèjì ló wà fún kí ni, nítorí ti status ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bánà ìsìnkú.